Ìlànà Keje ti Ìta-Kéwú

Mọ́ńdè, 7 oṣù kẹrin 2025

Wọ́n ti jù mí sí kọmitíì. Èmi Saeedah, tí mo ti ń ya àwòrán ilé fún ìjọba láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí mo ya ilé ìwòsàn, tí mo ya ilé ẹjọ́ — èmi ni kí n wá máa wọn pátákó àwọn tó ń ta fìlà. Ìta-Kéwú ni, òpópó ọjà àtijọ́ yẹn. Ìjọba fẹ́ kó rẹwà kí àlejò lè máa wá ya fọ́tò níbẹ̀. Àwa la máa kọ ìlànà: ọ̀dà tí iwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ kùn, bí pátákó rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, irú ilẹ̀kùn, irú òrùlé. Ẹni tó bá tàpá sí i, wọ́n á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Akọ̀wé ni wọ́n fi mí ṣe. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, òun náà ni kó kọ̀wé. Wọn ò tilẹ̀ ronú sí i.

Alága ṣí kọ̀ǹpútà. Síláìdì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìlú òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, yìnyín lórí òrùlé. Yìnyín, ní Ìlọrin! Ó ní bí Ìta-Kéwú ṣe máa rí nìyẹn. Gbogbo wọn mi orí bí alángbá. Láti òní lọ, Baba Síláìdì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Túsìdè, 8

Ẹnjiníà tí wọ́n fún wa: Olúdáre, ará Ọ̀mù-Àrán. Ó máa ń ronú kó tó kí èèyàn. “Ẹ káàárọ̀” rẹ̀ ọ̀sán ló ń dé. Ìgbín.

Àlàmísì, 10

Ìsọ̀ mọ́kànlélógójì la wọ̀n lónìí. Orí ń fọ́ mi.

Bánà lórí bánà. Ẹni tó ń ta fìlà gbé àwòrán bààlù síwájú ìsọ̀ nítorí pé ó ń bá èèyàn gba físà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta tùràrí kun ògiri ní àwọ̀ ọsàn, ó wá fi elésè àlùkò yí fèrèsé ká. Òmíràn fi irin di iwájú ìsọ̀ rẹ̀ pátápátá, o ò mọ̀ bóyá ọjà ló ń tà níbẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n ló ń ṣe. Ojú wọn fọ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó ràn mí.

Ẹyọ kan ló mú mi mí kanlẹ̀: ti Ìyá Oníwàláà. Bàríkísù lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wàláà ló ń tà, pákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, pẹ̀lú tàdáwà àti gègé. Ògiri amọ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n sì fín ọnà sí i lára láti òkè dé ilẹ̀. Òrùlé rẹ̀ yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó ṣíji bò ó bí adìẹ ṣe ń ràdọ̀ bo ọmọ. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo òpópó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, ìgbà kejì kò sí ìdí kan, inú mi kàn dùn ni. Ó bu omi fún mi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìsọ̀ tó kángun sí i: Abdulmumini, onítẹlifóònù. Alumíníọ̀mù pupa láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì tó ń bú jáde. Bánà tí wọ́n ya ojú òun fúnra rẹ̀ sí, tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ó na páànù síta títí ó fi ré gọ́tà kọjá, ó to àga sábẹ̀ rẹ̀, àwọn aláìríṣẹ́ṣe jókòó síbẹ̀. Mo ní kó sún kí n wọn páànù. Ojú gbogbo wọn ló ti dáhùn: “Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ fi téèpù yẹn wọn ibi tí ọkọ máa dúró sí nílé yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àní ẹni tó ń ta ẹ̀pà ní òdìkejì rẹ́rìn-ín. Ìgbín ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń ronú.

Mo wọn páànù náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Jímọ̀, 11

Olójú-Bánà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Túsìdè, 22

Ìpàdé wákàtí mẹ́rin lórí ọ̀dà. Baba Síláìdì fẹ́ àwọ̀ wàrà. Ẹnìkan ní kó jẹ́ àwọ̀ ewé nítorí ẹ̀sìn. Ẹnìkan ní kí a béèrè lọ́wọ́ ìyàwó òun. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn fa wàhálà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo ka èyí tí mo ti kọ sílẹ̀ láti ilé, wọ́n gbà á. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń gba gbogbo nǹkan.

Àlàmísì, 24

Lónìí mo mú Ìlànà Keje wá. Kí n kọ ọ́ síbí bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀: *Etí òrùlé ìsọ̀ kankan kò gbọdọ̀ yọ kọjá ògiri ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.*

Mo sọ fún wọn pé kí ojú òpópó lè gbòòrò ni. Wọ́n ní ó dára. Baba Síláìdì ní ní ìlú òyìnbó náà, etí òrùlé kì í gùn. Ọpọlọ!

Ìgbín wá dìde. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó ní agbòòrùn ni òrùlé jẹ́ fún ògiri amọ̀, ẹni tó bá gé e ti pa ògiri náà. Ó ní kí a yọ ilé amọ̀ sílẹ̀ nínú Ìlànà Keje. Ó dárúkọ Ìyá Oníwàláà. Ó ya àwòrán òjò sí ojú pátákó, pẹ̀lú àwọn ọfà kéékèèké. Baba Síláìdì ń wo fóònù.

Òótọ́ ni Ìgbín ń sọ, ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ pé “àyàfi ilé amọ̀,” lọ́jọ́ kejì ni Olójú-Bánà máa fi amọ̀ ra òpó kan, kó ní ilé amọ̀ ni tòun. Mo mọ irú wọn. Ìlànà tó ní ihò, eku ló ń gbà á wọlé. Ti Ìyá, màá bá a ṣe é lọ́tọ̀. Lẹ́tà kan péré tó yọ ọ́ sílẹ̀ ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìgbín nígbà tí a jáde.

Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé mo kọ: *Ẹnjiníà sọ̀rọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.*

Mọ́ńdè, 5 oṣù karùn-ún

Ìlànà ti jáde. Mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wọn.

Jímọ̀, 9

Àwọn ọlọ́jà ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní kí ẹnìkan wá láti ọ́fíìsì. Mo lọ. Ariwo. Ọ̀kan ní tí òun bá yọ bánà, ẹbí òun ò ní mọ ìsọ̀ mọ́. (Ẹbí rẹ̀!) Olójú-Bánà ló ṣe agbẹnusọ. Ó ní oòrùn Ìlọrin kò ka ìlànà, òjò pẹ̀lú ò kà á. Ẹni tó bá fẹ́ rajà gbọdọ̀ rí ibi dúró sí. Wọ́n hó yè. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn.

Ìyá Oníwàláà jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí mo ń lọ ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Saeedah, èyí tí ẹ kọ yìí, ṣé ó kàn mí?” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi wà níbẹ̀. Ó ní ó ti tán nìyẹn.

Túsìdè, 20

Abújá. Mo gbé ìlànà wa kalẹ̀ fún wọn níwájú àwọn ayàwòrán ilé láti ìpínlẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́sìdè, 21

Ìgbín fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti Ìta-Kéwú. Àwọn tásìkì fọ́ọ̀sì, tí ìjọba rán láti gé ohun tó bá rú ìlànà, ti dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Páànù Ìyá Oníwàláà nìyẹn lórí ilẹ̀, àti àwọn igi òrùlé, wọ́n gé wọn bí ìrèké. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n. Wọ́n na ìwé sí òun, wọ́n ní kí òun fi ibi tí wọ́n ti yọ ilé amọ̀ sílẹ̀ han àwọn.

Nígbà tó yá ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i: “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà.”

Ó wá mọ̀ọ́kọ kíákíá lónìí.

Jímọ̀, 23

Mo ti padà. Mo yà ní Ìta-Kéwú kí n tó lọ sílé ní Tanke. Ìsọ̀ Ìyá dà bí ẹni tí wọ́n fá irun ojú rẹ̀. Ó ní oòrùn ń wọlé bá òun báyìí, àwọn wàláà ti ń sán. Kò bínú. Ó ṣì bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní lẹ́tà máa jáde tí a bá ṣe Iléyá tán, wọ́n á sì dá òrùlé rẹ̀ padà. Ó ní, “Ìwọ lo mọ̀wé.”

Olójú-Bánà ńkọ́? Ó ti ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ sábẹ́ páànù rẹ̀. Ó ní kì í ṣe etí òrùlé mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ìlànà Kẹrin gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ láyè. Èmi ni mo kọ Ìlànà Kẹrin.

Ó kí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pọ̀ jù.

Mọ́ńdè, 2 oṣù kẹfà

Mo jókòó láti kọ lẹ́tà Ìyá. Mo kọ ìlà méjì. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé ògiri amọ̀ kò lè dúró láìsí etí òrùlé. Ìyẹn ọ̀rọ̀ Ìgbín gan-an, bó ṣe sọ ọ́. Tí mo bá fi ránṣẹ́, Baba Síláìdì á bi mí pé kí ló dé tí a ò kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà. Ìgbín á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó máa ń dà bíi ti ẹni tó ń sùn, á sì ti borí mi.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Lẹ́yìn Iléyá.

Jímọ̀, 6

Iléyá. Ẹran, àbúrò, ọmọ àbúrò, “Àǹtí, ọkọ ńkọ́?” Mo sùn lọ́sàn-án.

Sọ́ńdè, 8

Òjò ńlá láti ìgbà ìrun Àílà lọ́sàn-án. Ìjì. Páànù ilé kejì ṣí lọ. Mo ń ronú Ìta-Kéwú. Mi ò pe ẹnì kankan.

Mọ́ńdè, 9

Ògiri Ìyá Oníwàláà ti wó.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Lánàá, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó kúrò nílé, ó lọ sí ìsọ̀ kó lè kó àwọn wàláà kúrò nílẹ̀. Omi ń ṣàn tààrà sí ògiri, kò sí ohun tó gbà á dúró. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, iwájú ìsọ̀ náà ṣubú odidi. Òun wà nínú. Abdulmumini gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì sáré jáde nínú òjò. Òun àti àwọn tó máa ń jókòó sábẹ́ páànù rẹ̀, àwọn tí mo pè ní aláìríṣẹ́ṣe, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi wú amọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán níbi méjì. Ó wà láàyè.

Mo débẹ̀ lónìí. Ọnà tí mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì ti di ẹrẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wàláà wà káàkiri, tàdáwà ti sọ omi gọ́tà di dúdú. Abdulmumini wà lórí àkàbà, ó ń ta tapólì bo ohun tó kù. Mo dúró. Ó rí mi. Mo retí kó sọ nǹkan kan — mo fẹ́ kó bú mi. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ti ya.

Wẹ́sìdè, 11

Ìròyìn ti dé rédíò. Baba Síláìdì pe ìpàdé pàjáwìrì. Kò bèèrè bí Ìyá ṣe wà. Ó bèèrè ẹni tó yẹ kó mọ̀ pé ògiri náà lè wó. Wọ́n wo yàrá yíká, ojú wọn sì dúró sórí Olúdáre. Ẹnjiníà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kìlọ̀. Olúdáre ní òun kìlọ̀. Wọ́n ní kí a wo àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Èmi ni wọ́n ní kí n kà á.

Mo kà á. *Ẹnjiníà sọ̀rọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.*

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín kékeré. Baba Síláìdì ní kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Kò rántí. Kò sí ẹni tó rántí, àwọn olójú fóònù. Olúdáre yíjú sí mi. Ó ronú, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró kí n sọ̀rọ̀.

Mo pa ìwé dé.

Wọ́n ti fún un ní kúẹ̀rì, ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò lọ síwájú àwọn ọ̀gá. Ọmọ rẹ̀ méjì wà ní yunifásítì ní Malete.

Àlàmísì, 12

Ọlidé. Mi ò jáde. Mo ka ìwé yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Ta ni obìnrin yìí? Gbogbo ayé lọ̀lẹ, gbogbo ayé ní ojú fífọ́, àfi òun. Ó fi ìlà kan pa ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ní òpópó náà, torí pé ọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́pà. Ó mọ̀. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní kò mọ̀ ni, òmùgọ̀ ni ì bá jẹ́, à bá ṣàánú rẹ̀.

Sátidé, 14

Mo fi fóònù béèrè agogo tí Olúdáre máa wọlé lọ bá àwọn ọ̀gá ní Mọ́ńdè.

Mọ́ńdè, 16

Mo lọ síwájú àwọn ọ̀gá. Wọn ò pè mí. Olúdáre wà nínú ṣáájú mi, ó wọ kóòtù tó ti ṣá, ó to àwọn ìwé rẹ̀ lé orókùn.

Mo ní èmi ni mo kọ Ìlànà Keje. Mo ní Ẹnjiníà kìlọ̀ fún ìdajì wákàtí, ó dárúkọ ìsọ̀ náà, ó ya àwòrán rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Mo ní mo ṣèlérí lẹ́tà, mi ò kọ ọ́. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ téèpù. Ó tì mí lójú ju bí ó ṣe tì mí lójú lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Baba Síláìdì mú mi jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ohùn bí òróró. Ó ní àánú ló ń ṣe mí, àárẹ̀ ni. Kí n lọ sinmi, kí n wá sọ pé àṣìsọ ni. Ó ní ẹnjiníà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní ìlànà yìí máa gba àmì ẹ̀yẹ. Mo wò ó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wá ojú rere irú àwọn èèyàn báyìí. Mo padà wọlé, mo gba bírò, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Túsìdè, 17

Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á wò ó. Wọ́n ti fagi lé kúẹ̀rì Olúdáre. Wọ́n ti dá Ìlànà Keje dúró.

Mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ó máa dúpẹ́. Kí Ọlọ́hun má ṣàì dárí jì mí, mo dúró de ọpẹ́! Ó ronú fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́.” Ó ní ó dàbọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Olúdáre lorúkọ rẹ̀.

Jímọ̀, 20

Ìyá ránṣẹ́ pè mí sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n fi nǹkan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Ó ti rù. Kí n tó jókòó ó ti ń bi mí bóyá mo ti jẹun, mo wá ké. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìlà tí mo fà sábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án títí dé orí lẹ́tà. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó kà á yí po kó tó dáhùn.

Ó ní kádàrà ni, ó sì ní ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, méjèèjì ni. Ó ní, “Mo ti dárí jì ẹ́. Kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe pè ẹ́.”

Ó fẹ́ kí n ya ìsọ̀ tuntun fún òun. Abdulmumini àti àwọn ọlọ́jà ti kó ara wọn jọ, wọ́n fẹ́ bá a kọ́ ọ. Mo yára sọ pé gbogbo ìwọ̀n ọnà àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, pé mo mọ ibi tí amọ̀ dídára wà, pé a lè dá a padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ó ní ta ló fẹ́ amọ̀?

Ó ní ogójì ọdún ni òun fi rẹ́ ògiri yẹn. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, òun á po amọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn òun á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní, “Ẹ ń wá, ẹ ń ya fọ́tò, ẹ ń ní ó dára. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó bá mi ru àwo amọ̀ kan rí.” Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń sọ iye wàláà.

Búlọ́ọ̀kù ló fẹ́. Kí iwájú rẹ̀ jẹ́ táìlì aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán, tí aṣọ tútù kan lásán máa nù mọ́. Ilẹ̀kùn dígí. Àti iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú, kó yí pátákó rẹ̀ ká.

Mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ ohun tó ní sílẹ̀.

Sátidé, 21

Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo kà á: nínú ìlànà mẹ́tàlá, ohun tí Ìyá fẹ́ yìí rú mẹ́sàn-án. Mo pè é láàárọ̀ láti bi í ibi tó fẹ́ kí iná yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti apá ọ̀tún.

Láti apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ya gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Mo ya táìlì lẹ́yọ lẹ́yọ, kí bíríkìlà má bàa ṣì í lẹ̀. Ó burẹ́wà. Mo fara balẹ̀ yà á.